Ọmọ Ta Ni Yóò Fò?

Ọjọ́ Àìkú, 22-8-99

Mo sọ fún Àyìnkẹ́ ìyàwó mi pé ìwé iṣẹ́ ni mò ń kọ. Irọ́ ni mo pa. Inú ló ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè gbá létí, ni mo ṣe gbá báírò mú. Ẹ̀yìn pósítà ìbò ni mò ń kọ̀wé sí: olóṣèlú kan tó fìdí rẹmi kò wá kó ẹrù rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé mi, ni Ìyá Samson tó ń bá mi to ìwé bá gé e, ó sì rán an pọ̀. Ojú ọkùnrin náà ń hàn fírífírí láti ẹ̀yìn gbogbo ewé. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Japhet Ògúnmọ́lá ti padà dé. Èmi àti ẹ̀ la jọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ga, mo kúrú. Òun ni wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́. Lánàá ó wá sí pápá ilé ìwé ní Bàrígà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní básíkẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́rin láìgba kọ́bọ̀. Ó dé kẹ́ẹ̀pù sódì, ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó ní ìdíje dọ́ńkì máa wáyé lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹwàá, fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Tẹlifíṣàn lẹ̀bùn. Káńsẹ́lọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ológun ti lọ," ló wí. "Ìjọba alágbádá ti dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fò díẹ̀!"

Àwọn ọmọ tí kò tò fún mi rí tò fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24-8-99

Ọmọ mẹ́tàlá ló wá síbi ìdánrawò. Méjìlá ń fò lábẹ́ ríìmù bí ọ̀pọ̀lọ́. Samson, ọmọ Ìyá Samson, nìkan ló dúró láàárín pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù dání, ó ń wá ẹni tó máa jù ú sí.

Mo lọgun títí ohùn mi fi ya. Kí ni dọ́ńkì? Kí ọmọ sáré, kó fò, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ki bọ́ọ̀lù bọ inú ríìmù, kó wá rọ̀ mọ́ irin bí àdán. Àmì méjì ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó rọra sọ bọ́ọ̀lù lu pátákó, tó sì wọlé, àmì méjì náà ni. Pátákó ò mọ ẹni tó fò yàtọ̀ sẹ́ni tó yọ́ ọ sí i.

"Sìmẹ́ńtì lẹ̀ ń balẹ̀ sí!" mo ní. "Kì í ṣe ilẹ̀ pákó tàwọn ará Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ̀ ń wò nínú fídíò. Orúnkún kì í ṣe táyà, wọn kì í lẹ̀ ẹ́!"

Awwal, tí bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà ní Fádèyí, dáhùn: "Kóòṣì, bàbá mi á bá wa lẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín bú wọn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín náà, mo dì í mọ́ ẹnu.

Awwal ló ń dùn mí. Mo ti ń tọ́jú ọmọ yẹn bí ẹyin láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá, wọ́n máa yan ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú, ìjọba á rán an níwèé. Ẹnì kan péré ni mo lè fi ránṣẹ́ láti pápá wa, òun ni. Ọjọ́ mẹ́rìnlá sì ni ìdíje Japhet fi ṣáájú ìyẹn. Tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ lọ́dọ̀ Japhet, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28-8-99

Awwal mú fọ́ọ̀mù ìdíje wá. Kóòṣì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní gbà á.

"Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ṣé wàá fi tẹlifíṣàn pààrọ̀ ilé ìwé ni?"

"Kì í ṣe tẹlifíṣàn, Kóòṣì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ ẹ ṣe ní kí n gbá a. Mo jù ú, mo gbà á, mo yọ́ ọ. Ta ló wá wò wá rí? Ajá ọlọ́dẹ nìkan. Tí mo bá fò lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo Bàrígà á mọ orúkọ mi."

"Tó o bá fò lẹ́ẹ̀kan péré tó o fàyà lu sìmẹ́ńtì, wọ́n á mọ̀ ọ́n náà."

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. "Ẹ̀rù lẹ̀ ń bà," ló wí. Kò fi "sà" sí i.

Ọjọ́ Ajé, 30-8-99

Mo rojọ́ Awwal fún Àyìnkẹ́. Ó ń lọ aṣọ, kò tiẹ̀ dúró.

"Bàbá Dọlápọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ká ní ẹ ga ni, ẹ ò ní fò?"

Kí n jẹ́wọ́ níbí, nígbà tó jẹ́ olóṣèlú yìí nìkan ló ń wò mí. Mi ò fò débi ríìmù rí láyé mi. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, mo gbé bẹ́ǹṣì lọ sí pápá lọ́sàn-án Àìkú kan tí kò sẹ́nì kankan, mo gùn ún, mo fọwọ́ kan irin náà. Ó tutù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dá bẹ́ǹṣì padà, mi ò sọ fẹ́nì kankan títí di òní.

Ó lè jẹ́ ìlara. Ká tiẹ̀ ní ìlara ni, ṣé ìyẹn wá sọ sìmẹ́ńtì di tìmùtìmù?

Ọjọ́ Ẹtì, 3-9-99

Láti ìgbà tí ìbò ti parí ni Ṣómólú, àdúgbò àwa atẹ̀wé, ti dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ ń sùn, àwa tá a ni wọ́n ń ta ayò. Owó bébà nìkan ló ń fò, ó fò ju Awwal lọ.

Ni Japhet bá wọlé. "Adéjìmí akúrú! Iṣẹ́ rèé. Pósítà ẹgbẹ̀rún kan fún ìdíje mi."

"Mo kórìíra ìdíje ẹ."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ̀rọ ẹ náà kórìíra ẹ̀ ni?"

Mo ní àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ó jókòó sórí páálí bébà mi. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé, àwọn èèyàn ṣì ń bi mí nípa dọ́ńkì tí mo ṣe lọ́jọ́ tá a lu àwọn ará Yábàá. Ta ló bi ìwọ nípa bọ́ọ̀lù tó o jù sí mi?"

"Orúnkún ẹ ńkọ́?"

"Ó máa ń dùn mí tójò bá fẹ́ rọ̀. Ìyẹn náà wúlò, n kì í gbàgbé agbòòrùn."

Mo gba iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọkùnrin tó ń bínú.

Ọ̀rọ̀ tó ní kí n fi gàdàgbà sókè pósítà ni: ỌMỌ TA NI YÓÒ FÒ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7-9-99

Kò síná láti àárọ̀. Ojú fèrèsé ni mo ti to pósítà náà. Lẹ́tà tí a ń lẹ̀ mọ́ bébà, òyìnbó ló ṣe é, kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ọwọ́ la fi ń tọ́ àmì náà sí i pẹ̀lú íńkì, gbogbo Ṣómólú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì òkè ní tiẹ̀, a kì í yọ ara wa lẹ́nu. Mo tọ́ ọ sábẹ́ O àkọ́kọ́, mo tọ́ ọ sábẹ́ èkejì, ó di ỌMỌ. Ọwọ́ ti mọ́ra, kò dúró. Ó kọjá lọ, ó tún tọ́ ọ sábẹ́ O tó gbẹ̀yìn pátápátá.

ỌMỌ TA NI YOO FỌ?

Mo wò ó. Ẹni tó ń wá ọmọ tí yóò fò ti di ẹni tó ń wá ọmọ tí yóò fọ́, nítorí ẹyọ íńkì kan tí kò tó ojú èèrà. Àṣìṣe ni, mo búra. Mo mú bíléèdì kí n fi ha á. Mo gbé bíléèdì sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Ìyá Samson to pósítà náà ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ó fi okùn dì í. Ó kó wọn sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 10-9-99

Wọ́n ti lẹ pósítà láti Fádèyí dé Bàrígà. Láti ilé mi dé ibi iṣẹ́, ìgbà mẹ́rin ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Télọ̀ kan ní Bajulaiye dúró síwájú ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí: "Ọmọ ta ni yóò fọ́? Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ tèmi o!" Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà tútù fún ara mi.

Japhet dé ní aago méjì. "O ti bà mí jẹ́! Fọ́? Ṣé àwo ni mò ń tà ni?"

"Ọwọ́ ló ṣèèṣì."

"Ọwọ́ bàbá ẹ ló ṣèèṣì!" Ó gbá mi lọ́rùn aṣọ mú. Mo fẹ́ kó lù mí, torí mo mọ̀ pé mo lẹ́bi, àti pé mo fẹ́ rí nǹkan gbá padà. Ìyá Samson fi rúlà onírin là wá. "Ẹ̀yin bàbá méjì," ló wí, "ẹ ò tijú."

Ọjọ́ Àìkú, 12-9-99

Orí mi ni mo fọ́. Àwọn ọmọ Bàrígà ti sọ ọ́ di orin. Bí ẹnikẹ́ni bá fo gọ́tà lásán, wọ́n á ní, "Fọ́ ọ! Fọ́ ọ!" Wọ́n ní ríìmù ni ọmọ tó bá jẹ́ akọni máa fọ́. Fọ́ọ̀mù ìdíje ti tán, Japhet lọ tẹ òmíràn níbòmíì. Ó kọjá níwájú ilé mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè bára mu: "O ṣeun, akúrú."

Ohun tí mo fi lé èrò ló pè wọ́n wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14-9-99

Samson náà mú fọ́ọ̀mù wá. Iṣẹ́ ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi, mo buwọ́ lù ú lórí ẹ̀rọ. Kí Japhet má bàa máa sọ pé mo dí gbogbo ọmọ lọ́wọ́. Àti pé ọmọ yẹn ò lè fò, ìka rẹ̀ ò kọjá àwọ̀n ríìmù rí. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti dá a padà sílé. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Òjò. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ń jò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18-9-99

Awwal wá síbi ìdánrawò, àmọ́ ó jókòó sórí ògiri, kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Samson ń gbìyànjú àtifò, ó pariwo sí i: "Samson! Ṣé kí n lọ yá àkàbà fún ẹ ni?"

Samson ní, "Tìẹ ni kó o lọ yá. Kó o fi gun lọ wá ẹni tó máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ẹ."

Àwọn ọmọ hó. Mi ò mọ̀ pé Samson lẹ́nu. Awwal bẹ́ sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá jà, mo dúró sáàárín wọn. Awwal ni mo dì mú. Mo ní kó ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30-9-99

Mo gba pápá kọjá, mo rí wẹ́dà tó ń bá Japhet jó irin lórí àkàbà. Wọ́n ti rẹ ríìmù sílẹ̀. Mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá. "Kí gbogbo wọn lè dé e," ni wẹ́dà wí. "Káńsẹ́lọ̀ ò fẹ́ ìtìjú."

Samson á dé e nìyẹn.

Mo ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà. Òjò bẹ̀rẹ̀, mo dúró lábẹ́ àjà ṣọ́ọ̀bù kan. Òjò dá, mo lọ sílé. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ojo lẹ́ẹ̀mejì?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2-10-99

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òjò rọ̀ títí di aago mẹ́wàá. Wọ́n da ìyẹ̀fun pákó sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n gbá a. Èrò kún orí ògiri, wọ́n kún orí igi máńgòrò. Mo ti ní mi ò ní lọ. Kó tó di aago méjìlá, mo ti wà lẹ́yìn ọ̀pá ríìmù. Awwal dúró ní òdì kejì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò kí mi.

Ọmọ mẹ́jọ ló jáde. Mẹ́ta kùnà. Samson ni ìkarùn-ún. Èrò ń ké, "Fọ́ ọ! Fọ́ ọ!" Ó sáré, ó fò, ó ki bọ́ọ̀lù wọlé. Mo ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó mọ̀. Kí n jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: ó lẹ́wà. Ọmọ tó ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíì láti ọdún mẹ́rin wà lókè, ojú rẹ̀ là, kò jọ ẹni tí mo mọ̀ rí. Nígbà tó balẹ̀, ó wo ọ̀dọ̀ mi.

Ìpele kejì, ọwọ́ kan ló fi ṣe é. Ó ku àwọn mẹ́ta. Japhet gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: "Samson! Àwọn ará Fílístínì ń bọ̀ wá bá ọ o! Irun ẹ dà?" Gbogbo pápá wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Samson náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó fá.

Àárín pápá ló ti sáré wá. Omi ṣì ń kán láti ara pátákó sórí irin. Ó ki bọ́ọ̀lù wọlé, ó rọ̀ mọ́ ọn, ara rẹ̀ fì síwájú, ọwọ́ yọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi balẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ti lọ́ kó tó kan ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ariwo "Fọ́ ọ" já lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná.

Awwal ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 3-10-99

Ojúgun ṣẹ́ sí méjì, ọrùn ẹsẹ̀ fọ́. Wọ́n máa fi irin sí i.

"Dókítà, ṣé á tún gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn ná."

Ọjọ́rú, 6-10-99

Ìyá Samson wá síbi iṣẹ́. Mo ní kó máa lọ sílé. "Tí mo bá jókòó sílé, ògiri ni màá máa wò," ló wí. Ó to ìwé ìgbéyàwó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àmì yẹn. Mo bá a sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9-10-99

Samson ló ní máàkì tó ga jù, ni Japhet bá gbé tẹlifíṣàn náà wá sí ọsibítù lórí èjìká. Mo ti múra láti bú u, àmọ́ mo rí i tó ń nu ojú lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí ẹni kórìíra dáadáa.

Mo bá Awwal pàdé lẹ́nu géètì.

"Èmi ì bá balẹ̀ dáadáa," ló wí. "Ẹ mọ̀."

Mo mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16-10-99

Wọ́n mú Awwal. Ó gbá a bí mo ṣe kọ́ ọ: ó jù ú, ó gbà á, ó yọ́ ọ. Kò fò rárá. Ohun tí mo ń wá láti ọdún mẹ́rin rèé. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tán, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ bọ Japhet lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 17-10-99

Wọ́n ti dá Samson padà sílé láti ọsibítù. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ àmì yẹn kiri nínú ikùn, mi ò lè jẹun sí i mọ́. Mo lọ sílé wọn ní Bajulaiye. Ìyá Samson ń fọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ dìde! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí, Kóòṣì? Àwọn èèyàn ń wò wá."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, íńkì, bíléèdì, bí mo ṣe mú un àti bí mo ṣe gbé e sílẹ̀. Ó fún aṣọ kan gbẹ, ó tún un fún.

"Mo rí i," ló wí. "Ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ gbà kọjá. Mo ní bóyá ìdọ̀tí ẹ̀rọ ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ta ni mí tí màá sọ fún yín pé ẹ ò mọ̀wé kọ?" Ó sá aṣọ náà. "Ẹ wọlé lọ sọ fún un fúnra yín."

Samson wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí méjì. Mo tún un sọ. Ó gbọ́ mi tán.

"Fò àbí fọ́?" ló wí. "Kóòṣì, n ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Téèyàn bá ti ń sáré bọ̀, etí ń dí ni."

Ara mi fúyẹ́. Ìtìjú ńlá ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ara mi fúyẹ́. Mo dìde, mo ní kó tọ́jú ara rẹ̀, mo ti ń wá bàtà mi.

"Kóòṣì."

"Samson."

"Ẹ bá Awwal jà nítorí ìdíje yẹn. Ẹ sọ ti sìmẹ́ńtì fún un. Ẹ kọ̀, ẹ ò buwọ́ lù ú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ tí mo mú tèmi wá, ẹ ò gbójú sókè. Mo gba ìwé náà, mo wá lọ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà." Kò bínú. Ó ń fọwọ́ tọ́ etí ìrọ̀rí. "Mo rò pé ẹ máa pè mí padà."